Iná Pupa Orí Òpó

Kò sí ẹni tí kò mọ ilé àwọn Ojú-lókè ní àdúgbò náà. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti ìdílé wọn. Àwọn aládùúgbò ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tọmọ-tìyá ni wọ́n máa ń gun orí òrùlé lọ, tí wọ́n á gbé ojú sókè bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi.

Baálé ilé náà ń ṣe gíláàsì ojú. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá tóóró kan tí eruku dígí ti sọ ògiri rẹ̀ di funfun. Awòràwọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ dán dígí ńlá tó wà nínú awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ní òun ò mọ̀ pé òun ní orogún, àfìgbà tí òun rí bí ọkọ òun ṣe ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu dígí lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyàwó yìí ló kọ́kọ́ gbé ojú lé e, òṣùpá ló sì wò. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga wá.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì ojú irin. Màmá, ìyá Awòràwọ̀, ń gbé pẹ̀lú wọn. Ojú rẹ̀ kan ti ṣú, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan tó kù tó fún àgùàlà. Ìràwọ̀ ńlá tó máa ń yọ nírọ̀lẹ́ yẹn, tirẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá pe àgùàlà ní ajá òṣùpá lójú rẹ̀, ìjà dé: ó ní ṣé nítorí pé ẹni méjì ń rìn lọ́nà kan náà, ọ̀kan ti di ẹrú èkejì nìyẹn? Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún tọkọtaya náà, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Bíńtín láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tó sì ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Bíńtín lè ka orúkọ àwọn òṣùpá ńlá tó ń yí Júpítà ká láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó gbé iyọ̀ wá, ṣúgà ló máa gbé.

Òrùlé ilé wọn kì í ṣe páànù, kọnkéré pẹrẹsẹ ni. Awòràwọ̀ mọ òpó kúkúrú kan sí àárín rẹ̀, orí òpó náà ni awò ń dúró sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán lójoojúmọ́, wọ́n á ti ìdí awò bọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un, wọ́n á wá yọjú nínú awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, èyí tó ní ilà tín-ín-rín méjì tó dábùú ara wọn. Bí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, ibi tí ilà méjèèjì ti pàdé gan-an ni iná pupa kan máa bọ́ sí, iná orí òpó tẹlifóònù gíga tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Òpó irin ni, ó jìnnà, kì í mira. Bí iná bá ti bọ́ sójú ibẹ̀, wọ́n mọ̀ pé awò kò ní ṣì wọ́n lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, kò yẹ̀ rí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n wó ilé àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, alágbàṣe kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ilé gíga ló fẹ́ kọ́, tí àwọn ará ilé á máa gbọ́kọ̀ sí abẹ́ ilẹ̀. Kòtò náà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ fi dà bí èèrà lójú ẹni tó bá wò wọ́n láti orí òrùlé. Omi ń sun nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń fa omi náà tọ̀sán-tòru. Baba Pọ́ǹpù ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Màmá ránṣẹ́ pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kó wá wo òṣùpá. Ó wò ó títí, ó wá ní òun ò mọ̀ pé ihò pọ̀ tó báyẹn lójú rẹ̀, àfi bí ibi iṣẹ́ àwọn. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń juwọ́ sí wọn láti inú kòtò.

Nínú ilé, àwọn nǹkan kéékèèké ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò so pọ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ò pa dé mọ́. Awòràwọ̀ fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó pa dé fúngbà díẹ̀, ó tún kọ̀. Omi tí Nọ́ọ̀sì bá dà sílẹ̀ láti fọ ilé, apá ibì kan náà ló máa ń sáré lọ. Ọbẹ̀ ń wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò, Màmá ní ìdí ìkòkò ló ti wọ́. Nígbà tí ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn wá sán tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá àgbà náà fọwọ́ kàn án, ó ní, “Ògiri ti lanu. Aláǹgbá ló kù.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gòkè lọ wo ìràwọ̀ wọn.

Àṣálẹ́ kan ló gbà wọ́n lọ́kàn lásìkò náà. Òṣùpá fẹ́ gba iwájú àgùàlà kọjá, á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àgùàlà á wá yọ lódìkejì. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Bíńtín wà nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn lójú ọ̀run tiwọn, òjò ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan kan. Màmá ní bí òun bá rí èyí, òun ò ní gbọ́jọ́ lé òmíràn mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà ni Bíńtín yọjú nínú awò kékeré nírọ̀lẹ́ kan, tó rí i pé iná pupa ò sí lójú ibi tó yẹ kó wà. Ó ti sún sí apá ọ̀tún díẹ̀. Bàbá rẹ̀ bi gbogbo ilé pé ta ló fara kan awò. Kálukú búra pé òun kọ́. Ó tún awò náà tò, ó fún ìdè rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ parí. Kò pẹ́, iná tún kúrò, apá ọ̀tún kan náà ló sì gbà. Nọ́ọ̀sì ní nǹkan tó bá jẹ́ èèṣì, kì í mọ ọ̀nà kan náà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún un tò, ó tún sún.

Bíńtín ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. “Bàámi, òpó tẹlifóònù yẹn ló ń yẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn ògiri wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni ìdí òpó náà wà.

Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ ò dùn ún ṣe mọ́. Bó bá ń fún ọmọ lóògùn, fèrèsé ló ń wò. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á dúró, á tẹ́tí. Ó lọ bá ọ̀gá wọn pé kí wọ́n sún àwọn bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá bi í pé kí ló dé, ó ṣàlàyé, ọ̀gá sì ní ṣé orí òrùlé ilé rẹ̀ ló ti rí ohun tí àwọn tó wà nídìí òpó ò rí. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rín bò ó. Ní ọ̀sán, nígbà tí wọ́ọ̀dù dákẹ́, ó fúnra rẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan kúrò níbẹ̀, ó ní oòrùn ń pa á lójú.

Awòràwọ̀ lọ fi ẹjọ́ òpó sun àwọn tó ni ín. Kò retí pé wọ́n á gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rán ẹnjiníà kan wá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ bàtà ńlá, tó gbé irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dání. Ẹnjiníà yí òpó náà ká, ó wò ó láti ibí, ó wò ó láti ọ̀hún, kò kánjú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn dúró ń wòran. Nígbà tó ṣe tán, ó ní òpó náà tọ́ bí abẹ́rẹ́.

Ojú ti Awòràwọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àwọn tó ń wòran ti ń fọ́n ká nígbà tí ẹnjiníà bi Awòràwọ̀, jẹ́jẹ́, pé irú awò wo ló fi rí i, kí ni awò náà dúró lé, ṣé ilẹ̀ ni àbí orí ilé. Bó ṣe ń dáhùn ni ojú obìnrin náà ń yí padà. Ó ní òun fẹ́ tẹ̀ lé wọn délé.

Ó dé ilé, kò wọlé tààrà. Ó kọ́kọ́ dúró sí etí kòtò, ó wo omi tí ẹ̀rọ ń fà, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́ níbi tó ń tú jáde, ó fi ìka ra á. Iyẹ̀pẹ̀ kúnná wà nínú rẹ̀. Ó wọlé, ó fọwọ́ tọ ara ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ohun tó jẹ́ fọ́nrán òwú nígbà tí Màmá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti gba ìka báyìí. Lórí òrùlé, kò tilẹ̀ wo awò tí Bíńtín ṣí fún un. Ó gbé irin gígùn kan sórí òpó kọnkéré, irú èyí tí omi wà láàárín rẹ̀, tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ohun tó tọ́. Afẹ́fẹ́ róbótó inú omi náà sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò padà.

“Òpó ọ̀hún ò yẹ̀, sà,” ni ó wí. “Ibi tí ẹ dúró sí tí ẹ ti ń wò ó ló ń yẹ̀.”

Ó ṣàlàyé pé omi tí wọ́n ń fà lọ́sàn-án lóru ń kó iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ilé wọn lọ díẹ̀díẹ̀, ilé sì ti ń fì sí apá kòtò. Ó ní òun ò lè sọ ọjọ́ tó máa wó. Ó lè ṣe oṣù kan sí i. Ó sì lè jẹ́ kí òun tó délé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn níbẹ̀.

Ọjọ́ òṣùpá àti àgùàlà gan-an sì ni ọjọ́ náà.

Màmá ò fẹ́ lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní ilé tí òun ti sin ọkọ òun, kò ní tojú òun wó. Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Ó wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀ bí ó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù, ó dá a dìde, ó sì mú un jáde. Bíńtín kó aṣọ. Ṣùgbọ́n Awòràwọ̀ ti gòkè. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀, òun kàn fẹ́ rí i kí òṣùpá fẹnu kan àgùàlà. Ilé tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí wá, ó ní kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọjọ́ yìí wó.

Ìyàwó rẹ̀ dúró láàárín títì, ó gbé ojú sókè. Òṣùpá tín-ín-rín wà níwọ̀ oòrùn, àgùàlà ń dán lẹ́bàá rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdé. Lábẹ́ rẹ̀, orí ọkọ rẹ̀ dúdú níbi tó ti tẹ̀ ba lé awò.

Kò pariwo. “Bàbá Bíńtín, mi ò ní gòkè wá bẹ̀ yín. Ìyá yín wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọmọ yín wà lọ́wọ́ òsì. Bí ilé yìí bá wó, àwọn ni mo máa gbé sá.”

Ó pẹ́ díẹ̀. Orí kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí gbogbo wọn fi máa wo òkè, òṣùpá ló kù níbẹ̀. Àgùàlà ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó rí i nígbà tó wọlé. Kí ó tó yọ lódìkejì, òṣùpá fúnra rẹ̀ ti wọ̀ lẹ́yìn àwọn ilé.

Ilé ò wó lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò wó lọ́jọ́ kejì. Wọ́n lọ ń gbé pálọ̀ àbúrò Nọ́ọ̀sì, Màmá lórí àga gígùn, àwọn yòókù lórí ẹní. Ẹnjiníà fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba létí, wọ́n wá lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Alágbàṣe ní òun ní ìwé àṣẹ tòun náà, pé àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fẹ́ wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rọ ò dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ilé dúró. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi Awòràwọ̀ bóyá ilé rẹ̀ ti ṣubú lánàá tàbí ó di ọ̀la. Ó máa ń rẹ́rìn-ín dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n bó bá délé, kì í bá ìyàwó rẹ̀ sọ ju pẹ̀lẹ́ àti ẹ kú iṣẹ́ lọ. Kò tún wo òkè mọ́ lálẹ́. Bíńtín dá wò ó lẹ́ẹ̀kan láti àgbàlá, ó ní Júpítà ti yọ. Kò sẹ́ni tó bá a jáde.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sú. Àbúrò rẹ̀ ti ń gbé ìkòkò kalẹ̀ gbì ju bó ti yẹ lọ. Màmá ń ké ẹ̀yìn dídùn láti orí àga. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń múra ibi iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bóyá àwọn ti bẹ̀rù jù. Ẹnjiníà náà ò kúkú dá ọjọ́. Ó ní kí àwọn padà sílé.

Ó rò pé inú ọkọ rẹ̀ máa dùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mi orí. “Jẹ́ kí n lọ wo iná yẹn ná,” ló wí.

Ó lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Bíńtín. Ó ní kí ọmọ dúró ní òdìkejì títì. Ilẹ̀kùn ò ṣí fún kọ́kọ́rọ́, èjìká ló fi ṣí i. Lórí òrùlé, ó ti ìdí awò bọ ihò rẹ̀, ó yọjú. Iná ò sí lójú ilà, kò sí lápá ọ̀tún, kò sí níbikíbi nínú awò. Sánmà òfìfo ló ń wò. Ó tú ìdè, ó ń wá a kiri, ó pẹ́ kó tó rí i, ibi tó sì ti rí i jìnnà gan-an sí ibi tó yẹ kó wà. Nígbà náà ló gbọ́ ìró kan nínú ògiri, bí ẹni ń rún ẹ̀pà gbígbẹ lẹ́nu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bíńtín rí i tó jáde lọ́wọ́ òfìfo. Kò gbé awò, kò gbé dígí, kò gbé nǹkan kan. Ó ké sí i láti ọ̀hún pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lójú títì, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó gba orí àkàsọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn kan rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Baba Pọ́ǹpù ló wá pàdé rẹ̀, ó bi í bóyá ìràwọ̀ ló tún rí.

“Ẹ jáde,” ni Awòràwọ̀ wí. “Gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irinṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ máa jáde.”

Bóyá wọn ì bá jókòó sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n dígí kan fọ́ lókè, ní fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èkejì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ti ń gé dígí láti kékeré mọ ohùn dígí tí òkúta bà, ó sì mọ ti èyí tí ilé ń fún pọ̀. Ojú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ wò, kì í ṣe òkè, ni wọ́n bá sá. Wọ́n ń gun àkàsọ̀ lé ara wọn lórí. Ó dúró nídìí rẹ̀, ó dì í mú kó má yẹ̀, ó ń tì wọ́n lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba Pọ́ǹpù ti fẹsẹ̀ lé e nígbà tó yíjú padà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ẹ̀rọ náà ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí òun nítòsí. Ó ní òun fẹ́ pa ẹ̀rọ náà ni, òun ń bọ̀. Awòràwọ̀ pè é, ó tún pè é. Lẹ́yìn náà ló gun àkàsọ̀.

Bíńtín sọ pé ilé náà ò ṣubú bí igi. Ó kúnlẹ̀ ni, bí ẹni tó fẹ́ wo inú kòtò, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ. Eruku bo gbogbo òpópónà. Nígbà tó rọ̀, bàbá rẹ̀ wà létí kòtò, apá òkè rẹ̀ lórí ilẹ̀, bíríkì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Baba Pọ́ǹpù ò jáde. Ohùn ẹ̀rọ ti dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án lóru dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

Ilé ìwòsàn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀tún wà, ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n mú alágbàṣe, wọ́n ní ẹjọ́ máa pẹ́ kó tó parí. Màmá ò sọ̀rọ̀ ilé mọ́, ó ń bi kálukú bóyá wọ́n ti fún ọmọ òun lóúnjẹ. Nọ́ọ̀sì máa ń wá láti wọ́ọ̀dù tirẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti dẹ̀, á jókòó ti ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ló ní kí wọ́n padà. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó yá, obìnrin kan wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè ẹni tí wọ́n ń pè ní Awòràwọ̀. Ìyàwó Baba Pọ́ǹpù ni. Nọ́ọ̀sì gbé àga fún un. Kò jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun ò bá ti ìjà wá, àwọn èèyàn ti sọ fún òun pé ẹni yìí ló kó àwọn yòókù yọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀, ohun tí ọkọ òun sọ gbẹ̀yìn.

“Ó ní òun ń bọ̀,” ni Awòràwọ̀ wí.

“Ṣé ẹ̀rù ń bà á?”

Ó ronú sí i dáadáa kó tó dáhùn. Ó ní rárá, bí ẹni fẹ́ pa iná yàrá kó tó jáde ló ṣe sọ ọ́.

Obìnrin náà jókòó. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó wọ inú kòtò, kó tún un sọ, kó má fo nǹkan kan. Ó sì tún un sọ fún un.